Ọjọ́ Mẹ́rìnlá Lára Àpò: Bí A Ṣe Ń Kọ́ Àwọn Ọmọ SS2 ní Ìtàn Àwọn Tí Ìlú Lé Jáde

Ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ SS2 ní ẹ̀kọ́ ìtàn, agboolé tí kò ní Ìyá Kùmásí tàbí Bàbá Gáànà kò pọ̀. Ojoojúmọ́ ni àwọn ọmọ ń pe orúkọ yẹn, wọn ò mọ ohun tó bí i. Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ má kọ ọ̀rọ̀ ńláńlá kankan sójú pátákó lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ béèrè nílé: ta ló ti gbé ìlú òkèèrè rí nínú ẹbí wa, kí ló sì gbé e padà wálé? Bó bá jẹ́ Èjìgbò lẹ ti ń ṣiṣẹ́, Àbíjàn ní Côte d'Ivoire ló máa kọ́kọ́ wà lẹ́nu wọn, kò burú, ọ̀nà kan náà ni ẹ ó tọ̀.

Kí wọ́n tó jáde lọ gbohùn ẹnikẹ́ni sílẹ̀, ẹ fún wọn ní ìtàn náà gan-an. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia ní Gáànà pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú wá a láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó kúrò nílùú. Ọrọ̀ ajé ti dẹnu kọlẹ̀, gbèsè pọ̀, iṣẹ́ kò sí, àjèjì tó ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ará Gáànà sì ni ẹ̀bi já lé lórí. Yorùbá pọ̀ nínú àwọn tó kó ẹrù: ará Ògbómọ̀ṣọ́, Èjìgbò, Ọ̀fà, Ìlọrin, Ìnísà, Ṣakí. Gáànà gan-an ni wọ́n bí ẹlòmíràn sí.

Ẹ má dúró níbẹ̀. Àṣìṣe tí mo ṣe lọ́dún àkọ́kọ́ nìyẹn. Ohun tí wọ́n fi ojú wa rí ní Gáànà nìkan ni mo fi parí ẹ̀kọ́ náà, àwọn ọmọ sì fi ìbínú sí ará Gáànà jáde kúrò ní kíláàsì mi. Ó ń dùn mí títí dòní. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1983, ìjọba Shagari ní Nàìjíríà náà fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì. Owó epo ti já wálẹ̀, ìdìbò sì ti sún mọ́lé. Nǹkan bíi mílíọ̀nù méjì ènìyàn lọ̀rọ̀ náà kàn, bíi mílíọ̀nù kan nínú wọn jẹ́ ará Gáànà. Gáànà alára ti ti bọ́dà rẹ̀ pa, ọ̀pọ̀ sì há sí orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ títí wọ́n fi ṣí i lópin oṣù náà. Báàgì ike onílà búlúù àti pupa tí wọ́n kó ẹrù sí ló di Ghana Must Go tí àwọn ìyá wa ṣì ń gbé lọ sọ́jà. Ẹ sọ èyí náà fún wọn: ọdún mẹ́rin ò tíì pé nígbà náà tí àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, fọwọ́ sí i, ní 1979, pé ọmọ ìlú kan lè wọ ìlú kejì fún ọjọ́ 90 láìgba físà. Ìjọba Shagari ní ọjọ́ 90 náà ti kọjá lórí àwọn tí wọ́n lé. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ jiyàn lórí rẹ̀: ohun tí òfin gbà, ṣé ó tọ́?

Ọ̀sẹ̀ méjì lọ́hùn-ún, ọ̀sẹ̀ méjì níhìn-ín. Lára iye ọjọ́ yẹn ni iṣẹ́ ọwọ́ wa ti jáde: aṣọ ńlá kan tí a fi àpò rán, tí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ní apá tirẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n mú ògbólógbòó Ghana Must Go wá láti ilé. Ẹ gé e sí ọ̀nà mẹ́rìnlá, ìwọ̀n apá kan gígùn, kí ẹ pín kíláàsì sí ẹgbẹ́ méje, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gba ọjọ́ méjì. Iwájú jẹ́ 1969, ẹ̀yìn jẹ́ 1983. Etí àpò náà máa ń tú, nítorí náà ẹ fi iná àbẹ́là yọ́ etí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ níta gbangba, kí ẹ̀yin olùkọ́ fọwọ́ ara yín ṣe é. Ọ̀dà tí wọ́n fi omi pò máa ń ṣí kúrò lára ike, ọ̀dà eléépo ni kí ẹ lò. Òwú ọ̀rá tí àwọn tó ń rán bàtà ń lò ló lè gbé e pọ̀.

Ohun tí wọ́n máa yà síbẹ̀ kò gbọdọ̀ ti orí wọn jáde. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ọdún 12 ní 1969 ti lé ní 65 báyìí, nítorí náà ẹ má fi ìbẹ̀wò falẹ̀. Kí ọmọ méjì jọ lọ, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ọmọ agboolé náà. Kí wọ́n kúnlẹ̀, kí wọ́n dọ̀bálẹ̀, kí wọ́n kí wọn dáadáa kí fóònù tó jáde nínú àpò. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n béèrè pé "Báwo ló ṣe rí lára yín?" Àgbà ò ní dáhùn ìyẹn, yóò kàn ní "Ọlọ́run ló yọ wá." Kí wọ́n béèrè ohun tó ṣeé fọwọ́ kàn: Kí lẹ gbé? Kí lẹ fi sílẹ̀? Ta ló rà á, èló ló san? Ìyá kan sọ fún wa pé àwọn tó jẹ òun lówó aṣọ ń ní kí òun padà wá lọ́la, lójoojúmọ́, títí ọkọ̀ fi gbé òun. Ọjọ́ kẹta títí dé ọjọ́ kẹwàá ni ẹgbẹ́ mẹ́rin fi ya ilẹ̀kùn kan náà, tó tì pa.

Fún 1983, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó kù sílé. Bàbá kan rántí bíríkìlà ará Gáànà tó ń bá bàbá rẹ̀ kọ́lé. Ògiri ti dé ojú fèrèsé nígbà tí ọkùnrin náà ká okùn tó fi ń wọn ògiri, tó gbé e fún bàbá tó ń sọ̀rọ̀ yìí, tó jẹ́ ọmọdé nígbà náà, ó ní kó bá òun tọ́jú rẹ̀. Àwọn ọmọ rán okùn tòótọ́ mọ́ ọjọ́ náà.

Ọ̀rọ̀ gbígba ìyọ̀ǹda wọn wá ń kọ́? Ọmọ kíláàsì mi kan gbé ohùn ìyá àgbà kan tó ń sunkún sí orí WhatsApp status. Ọmọ ìyá náà wá bá wa pẹ̀lú ìbínú, ó sì jàre. A lọ bẹ̀ wọ́n nílé. Láti ìgbà náà, ìbéèrè mẹ́ta ló ń ṣáájú: ṣé a lè gbohùn yín? Ṣé a lè dárúkọ yín? Ta lẹ fẹ́ kó gbọ́ ọ? Nígbà tí a bá parí, a tún béèrè wọn lẹ́ẹ̀kejì, nítorí àgbà lè yí ọkàn padà lẹ́yìn tó ti sọ̀rọ̀ tán.

Nígbà tí aṣọ àpò náà bá parí, ẹ gbé e kọ́ sí àárín gbọ̀ngàn, kó má fi ara ti ògiri, kí ènìyàn lè yí i ká. Ẹ pe gbogbo àwọn tó sọ̀rọ̀, ẹ fún wọn ní àga iwájú. Kí ìsinmi tó dé, ẹ fi mẹ́mọ́rì káàdì dá ohùn kọ̀ọ̀kan padà fún ẹni tó ni ín. Ìyá tí wọ́n jẹ lówó aṣọ kú lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Àwọn ọmọ rẹ̀ wá bá mi nítorí káàdì tiwọn ti sọnù, mo sì da ohùn rẹ̀ kọ fún wọn lọ́jọ́ náà gan-an.