Mo ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ ògbufọ̀, àmọ́ oṣù márùn-ún ni mo fi lé owó mi

Dọ́là 1,184 ni ilé-iṣẹ́ alágbàtà kan ní Amẹ́ríkà, tó ń gba iṣẹ́ ìtumọ̀ lọ́wọ́ oníbàárà tó sì ń pín in fún àwa ògbufọ̀, jẹ mí lọ́jọ́ tí mo kọ̀wé sí wọn láti Ìlọrin níbí pé mo ń fẹ̀yìn tì. Ọjọ́ 10 oṣù kìíní ọdún 2025 ni. Ọjọ́ 13 oṣù kẹfà ni owó náà tó wọ àkáǹtì mi, dọ́là 70 sì ti bọ́ lára rẹ̀ lọ́nà. Kò sẹ́ni tó sọ pé òun kò ní í san. Gbogbo wọn ló ń dá mi lóhùn, wọ́n sì ń fi ohùn pẹ̀lẹ́ bá mi sọ̀rọ̀. Èmi ni mo ti ilẹ̀kùn kí n tó kó ẹrù mi jáde, ó sì ń dùn mí títí di ìsinsìnyí, nítorí pé gbogbo ìyókù ni mo fara balẹ̀ ṣètò.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí mo ṣe mọ̀ pé ó ti tó àkókò. Òṣìṣẹ́ ìjọba mọ ọjọ́ tirẹ̀: kó pé ẹni ọgọ́ta ọdún tàbí kó lo ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, èyí tó bá kọ́kọ́ dé. Àwa tí à ń gba iṣẹ́ káàkiri kò ní ìwé tó ń sọ bẹ́ẹ̀ fún wa. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tiẹ̀ máa ń sọ pé ògbufọ̀ kì í fẹ̀yìn tì, pé ó di ọjọ́ tí ìka bá kọ̀ tí kò tẹ kọ̀ǹpútà mọ́. Mi ò gbà. Ìṣirò ló yẹ kó sọ ọ́, ìṣirò náà sì ní ibi tó ti ń tanni.

Ibi tó ti ń tanni ni ṣíṣẹ́ dọ́là sí náírà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, nǹkan bí ₦460 ni báńkì ń ṣẹ́ dọ́là kan. Nígbà náà, sẹ́ǹtì 7 ni mò ń gbà lórí ọ̀rọ̀ kan, mo sì ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ 2,000 láàárín wákàtí méje. Ìyẹn dọ́là 20 ní wákàtí kan, ₦9,200. Nígbà tó di 2024, lẹ́yìn tí wọ́n ti tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà 2023, dọ́là kan ti ń bá ₦1,500 ṣeré. Iṣẹ́ tó kù nílẹ̀ nígbà náà ni títún ohun tí ẹ̀rọ túmọ̀ ṣe, sẹ́ǹtì 2 lórí ọ̀rọ̀ kan, ọ̀rọ̀ 500 sì ni agbára mi gbé ní wákàtí kan. Dọ́là 10. Ẹ ṣẹ́ ẹ sí náírà, ó di ₦15,000. Ojú á rí i pé owó ń pọ̀ sí i. Àmọ́ ẹ fi epo jẹnẹrétọ̀ wọ̀n ọ́n wò. Kí oṣù karùn-ún 2023 tó parí, lítà kan kò tó ₦200, iṣẹ́ wákàtí kan mi ń ra ju lítà 45 lọ. Kí 2024 tó parí, lítà kan ti kọjá ₦1,000, iṣẹ́ wákàtí kan kò ra lítà 15 mọ́. Ẹni tó bá ń fi náírà nìkan ka owó rẹ̀ kò ní í tètè mọ̀ pé kànga ti ń gbẹ.

Ẹ̀dínwó tí sọfitiwia ń bá wọn ṣírò tún burú ju ìyẹn lọ. Mo mú fáìlì kan tó jẹ́ ọ̀rọ̀ 6,000. Wọ́n ka 2,400 sí ohun tó ti wà tẹ́lẹ̀ nínú TM, ìyẹn àkójọ ìtumọ̀ àtẹ̀yìnwá tí sọfitiwia ń tọ́jú, wọn ò san kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Wọ́n ka 1,600 sí ohun tó jọ èyí tó ti wà, ìdajì owó. 2,000 tó kù nìkan ni wọ́n sanwó kíkún lé lórí. Bí ọ̀rọ̀ 2,800 ni gbogbo rẹ̀ já sí, dọ́là 56. Wákàtí mẹ́sàn-án ni mo lò lórí rẹ̀, nítorí pé TM Yorùbá tó wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ alágbàtà dọ̀tí. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọwọ́ ló ti kọjá níbẹ̀: ẹnì kan fi àmì ohùn sí i, ẹnì kejì kò fi sí i, ẹnì kẹta kọ e níbi tó yẹ kó kọ ẹ. Èyí tí wọ́n ní ó ti pé yẹn náà ni mo tún ń tún ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Dọ́là 6 àti díẹ̀ ní wákàtí kan, lẹ́yìn gbogbo ọdún tí mo ti lò lẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ̀rọ ìtumọ̀ kì í ṣe nǹkan àná. Láti oṣù kejìlá 2013 ni Google ti fi Yorùbá kún àwọn èdè tirẹ̀. Ohun tó yí padà ni pé àwọn alágbàtà wá gbà pé ohun tó bá ti ẹnu ẹ̀rọ jáde ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, pé ká kàn nù ún ni. Nínú ìwé ìlò oògùn kan, ìkìlọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé kí aláìsàn má wakọ̀ lẹ́yìn tó bá lo oògùn náà. Ohun tí ẹ̀rọ kọ ni: «Má wá ọkọ lẹ́yìn tí o bá lo oògùn yìí.» Àmì méjì péré ló ṣì, ọ̀kan lórí wa, ọ̀kan lórí ọ tó kẹ́yìn, ìkìlọ̀ nípa mọ́tò sì ti di ìkìlọ̀ nípa ìgbéyàwó. Ojú tó ń sáré kò ní í rí i, nítorí pé lẹ́tà gbogbo pé. Ó di kéèyàn ka gbólóhùn náà sókè kí etí gbọ́ ọ. Ìdí nìyẹn tí títún un ṣe fi ń gba àkókò ju kéèyàn túmọ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ lọ, wọn kò sì ní í san owó àkókò yẹn.

Ojú ló wá parí ọ̀rọ̀. Mo mú ọ̀rọ̀ 1,000 nínú iṣẹ́ tí mo ṣe láàárọ̀, mo mú 1,000 mìíràn nínú èyí tí mo ṣe lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin lórí àga. Mo fi wọ́n sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí n lè gbàgbé wọn, mo tẹ̀ wọ́n sórí bébà, mo fi bírò pupa kà wọ́n. Àmì mẹ́rin ló fò mí nínú ti àárọ̀. Mẹ́tàdínlógún ló fò mí nínú ti ìrọ̀lẹ́, mẹ́sàn-án nínú wọn sì jẹ́ àmì ìsàlẹ̀, lára ẹ, ọ àti ṣ. Mo mú kí lẹ́tà tóbi sí i lójú kọ̀ǹpútà, kò yàtọ̀. Wọn kì í dá iṣẹ́ mi padà. Mo fi ọdún gbọọrọ kọ́ orúkọ yẹn, mi ò sì fẹ́ kó jẹ́ pé iṣẹ́ tí mo ṣe ní ìrọ̀lẹ́ ni yóò bà á jẹ́.

Torí náà mo pinnu: wákàtí mẹ́ta lóòjọ́, òwúrọ̀ nìkan, iye wákàtí ni wọn yóò san, kì í ṣe iye ọ̀rọ̀. Oníbàárà tààrà méjì ni mo dì mú, ọ̀kan ní Ìlọrin tó ń ṣe ìkéde ètò ìlera fún rédíò, ọ̀kan ní Òmù-Àrán. Àwọn alágbàtà, mo fẹ́ yọwọ́ lọ́rọ̀ wọn pátápátá.

Ibi tí mo ti kọsẹ̀ nìyí. Bí owó alágbàtà ṣe ń rìn ni pé PO, ìyẹn ìwé àṣẹ iṣẹ́, ni wọ́n fi ń gbé iṣẹ́ fún èèyàn, ó ní nọ́ńbà, ó ní iye. Bí ẹ bá fi iṣẹ́ ránṣẹ́, ẹni tó gbé e fún yín gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i lórí pọ́tálì, ìyẹn ìkànnì ilé-iṣẹ́ náà, pé òun ti gbà á. Ìgbà yẹn ni PO tó lè wọ inú ínfọ́ìsì, ìwé tí a fi ń béèrè owó. Ínfọ́ìsì náà ní ọjọ́ tirẹ̀: lọ́dọ̀ àwọn tí mò ń wí yìí, láti ọjọ́ 25 sí ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò wá ka ọgọ́ta ọjọ́ láti òpin oṣù yẹn. Iṣẹ́ tí ẹ bá fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ 4 oṣù kẹta, ọjọ́ 30 oṣù karùn-ún ni owó rẹ̀ yóò jáde, ọjọ́ 87 gbáko. Ọjọ́ tó wù kí ẹ dáwọ́ dúró, owó nǹkan bí oṣù mẹ́ta yín ṣì wà lọ́nà.

Mo mọ gbogbo ìyẹn. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé lẹ́tà ìdágbére á ti pọ́tálì pa. PO márùn-ún ni mo ní níta: méjì láti oṣù kejìlá tí wọn kò tètè fọwọ́ sí, mẹ́ta tuntun. Ẹni tó ń bójú tó àwa atúmọ̀ dá mi lóhùn lọ́jọ́ kejì, ó kí mi kú iṣẹ́, ó gbàdúrà fún mi, ó sì pa àkáǹtì mi rẹ́. Nígbà tó di ọjọ́ 25, mo fẹ́ wọlé kọ ínfọ́ìsì, pọ́tálì ní òun kò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó gbé iṣẹ́ fún mi ní kí n kọ̀wé sí ẹ̀ka owó. Ẹ̀ka owó ní àwọn kì í gba ínfọ́ìsì nínú ímeèlì, kí n gbé e sí pọ́tálì. Àwọn tó ń bójú tó pọ́tálì ní ẹni tí kì í ṣe atúmọ̀ wọn kò lè wọlé, kí n lọ bá ẹni tó pa àkáǹtì náà rẹ́. Òun náà ní àkáǹtì tó bá ti kú kì í jí, kí n forúkọ sílẹ̀ bí ẹni tuntun. Ímeèlì mẹ́rìnlá láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, owó tí mo ti ṣiṣẹ́ fún!

Ohun tó ṣí i ni lẹ́tà kan ṣoṣo tó yẹ kí n ti kọ lọ́jọ́ kìíní. Mo kó PO márààrún sínú rẹ̀, ímeèlì tí mo fi fi iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́, èsì tí wọ́n fi sọ pé ó dé, àti ibi tí àdéhùn wa ti sọ pé bí ẹnikẹ́ni bá yọwọ́, owó iṣẹ́ tó ti parí kò yẹ̀. Orúkọ ẹnì kan ní ẹ̀ka owó ni mo kọ ọ́ sí, mo fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí gbogbo àwọn tó gbé iṣẹ́ fún mi. Nọ́ńbà PO, iye àti ọjọ́ ni mo fi ṣe àkọlé. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣí àkáǹtì tuntun.

Àkáǹtì tuntun béèrè fọ́ọ̀mù W-8BEN, èyí tí mo fi ń jẹ́rìí pé èmi kì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà. Ọdún 2021 ni mo buwọ́ lu tèmi. Fọ́ọ̀mù náà kì í kọjá òpin ọdún kẹta lẹ́yìn ọdún tí wọ́n buwọ́ lù ú, torí náà tèmi ti kú ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá 2024, ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú lẹ́tà mi. Mo kọ òmíràn. Ínfọ́ìsì wọlé ní òpin oṣù kejì, wọ́n san án ní òpin oṣù kẹrin.

Owó náà pa dà sọ́dọ̀ wọn. Nínú ìforúkọsílẹ̀ tuntun yẹn, mo kọ orúkọ mi bó ṣe yẹ kí Yorùbá kọ ọ́, pẹ̀lú àmì òkè àti ti ìsàlẹ̀. Lẹ́tà tí SWIFT fi ń ránṣẹ́ owó láti báńkì sí báńkì kò ju A sí Z, nọ́ńbà àti ìwọ̀nba àmì bíi kọmá. Ibi gbogbo tí ọ mi wà di àmì ìbéèrè, báńkì mi ní orúkọ kò bá ti àkáǹtì dọ́là mi mu, ó dá a padà, báńkì àárín sì yọ dọ́là 35. Nígbà tí wọ́n fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó tún yọ 35. Èmi tí mo fi gbogbo ọjọ́ ayé mi jà pé kí wọ́n má yọ àmì kúrò lára Yorùbá, lórí fọ́ọ̀mù owó nìkan ni mo fara mọ́ ọn báyìí: ẹ kọ orúkọ yín lórí rẹ̀ gẹ́lẹ́ bó ṣe wà ní báńkì, láìsí àmì kankan.

Ohun tó gbé mi ró láàárín oṣù wọ̀nyẹn ni ètò ìfẹ̀yìntì fún àwa tí a kò ní agbanisíṣẹ́, tí PenCom, àjọ ìjọba tó ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì, dá sílẹ̀ ní 2019. Nígbà tí mo wọ̀ ọ́, ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí mo bá dá ni mo lè yọ bí ọ̀rọ̀ bá délẹ̀, ìdá 60 dúró de ìfẹ̀yìntì. Mo yọ nínú ìdá 40 náà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó bá fẹ́ yọwọ́ níṣẹ́ alágbàtà, kó ní owó oúnjẹ oṣù mẹ́fà nílẹ̀ kó tó la ẹnu.

Ìyókù rọrùn. Mo kó TM ti ara mi jáde sí fáìlì TMX kí owó sọfitiwia tó tán, mo pa fáìlì àwọn oníbàárà tí àdéhùn àṣírí ní kí n pa rẹ́, mo sì fa àwọn oníbàárà tí mi ò dì mú lé àwọn ọ̀dọ́ méjì lọ́wọ́ tí mo mọ̀ pé àmì wọn péye.

Alágbàtà mìíràn wà tí mo ṣì ní PO mẹ́rin lọ́dọ̀ wọn. Mi ò sọ nǹkan kan fún wọn. Mo kàn lọ sórí pọ́tálì, mo yí ipò mi sí pé ọwọ́ mi dí, iṣẹ́ tuntun kò sì wá mọ́. Mo kọ ínfọ́ìsì nígbà tí ọjọ́ rẹ̀ pé, mo dúró. Owó tó kẹ́yìn wọlé ní ọjọ́ 31 oṣù keje. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo kọ lẹ́tà ìdágbére sí wọn.