Kí ẹ tó fọwọ́ kan kóòdù tí gbogbo ayé jọ ń kọ

Ẹ̀yin ará, bí ẹ bá fẹ́ dá sí iṣẹ́ open source, ìyẹn sọ́fúwià tí kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba fún ẹnikẹ́ni láti lò àti láti tún ṣe, ẹ kọ́kọ́ ka fáìlì tí wọ́n ń pè ní CONTRIBUTING, tó ń sọ bí wọ́n ṣe fẹ́ kí èèyàn dá sí i. Lórí GitHub, ìkànnì tí ọ̀pọ̀ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà, ẹ wá ìṣòro tí wọ́n lẹ "good first issue" (ó dára fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀) mọ́, kí ẹ sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ẹ fẹ́ ṣe é, kí ẹni méjì má baà máa ṣe iṣẹ́ kan náà.

Èyí tí mo fẹ́ tẹnu mọ́ jù ni pé kí ẹ jẹ́ kó kéré. Àtúnṣe kan, pull request kan (ìyẹn ìbéèrè pé kí wọ́n gba àtúnṣe yín wọlé). Bí ẹ bá tún àṣìṣe onílà 3 ṣe, tí ẹ wá tún gbogbo àlàfo inú fáìlì náà tò, ìlà 3 yẹn á sọnù sínú 400. Ta ló fẹ́ ráyè wá a? Ẹ fi git diff, àṣẹ tó ń fi ohun tí ẹ yí padà hàn, yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan sí i kí ẹ tó fi ránṣẹ́.

Iṣẹ́ gidi ni àtúnṣe ìwé àlàyé náà o. Ibi tó bá ti dí yín lọ́wọ́ nígbà tí ẹ ń gbé sọ́fúwià náà sórí kọ̀ǹpútà yín, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Àwọn tó ti pẹ́ nídìí rẹ̀ kì í rí i mọ́.