Fífọ Ọwọ́ ní Họ́sítẹ́ẹ̀lì Tí Omi Kì Í Sábà Yọ

Ẹ bi akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì èyíkéyìí pé ìgbà wo ló yẹ kéèyàn fọ ọwọ́, yóò kà á fún yín láìṣì í: kó tó jẹun, kó tó dáná, tó bá ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ dé, tó bá da ilẹ̀ nù tán. Láti jéléósinmi ló ti mọ̀ ọ́n. Àmọ́ ẹ dúró sí họ́sítẹ́ẹ̀lì láàárọ̀ ọjọ́ tí ẹ̀rọ ò yọ. Korobá omi kan ṣoṣo ló pọn gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ó ti fi wẹ̀, ó ti da ìyókù sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Kí ló fẹ́ fi fọwọ́? Ìdí nìyí tí ìwé yìí ò fi ní wàásù púpọ̀. Ọ̀rọ̀ omi àti ọṣẹ la bá wá.

Nígbà tí Ebola wọ Èkó ní 2014, korobá onẹ́nu ẹ̀rọ kún iwájú ṣọ́ọ̀bù àti báńkì. Lọ́jọ́ 20 oṣù kẹwàá ọdún náà ni wọ́n kéde pé àrùn náà ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Nàìjíríà, korobá sì wọlé padà. Kòrónà tún gbé e jáde ní 2020, ó tún wọlé. Ṣùgbọ́n onígbáméjì, ibà jẹ̀funjẹ̀fun àti ìgbẹ́ gbuuru kì í dúró de ìkéde kankan.

Ẹ jẹ́ kí omi máa ṣàn

Wọ́n ní ọmọdé tó bá mọ ọwọ́ ọ́ wẹ̀ á bá àgbà jẹun. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n abọ́ kan náà ni wọ́n jọ ń wẹ̀ ẹ́ sí, àgbà á kọ́kọ́ ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ọmọdé á wẹ̀ kẹ́yìn. Ìdọ̀tí gbogbo ilé ni ọmọ yẹn fi ra ọwọ́. Abọ́ yẹn ò tíì kúrò ní àwọn búkà tó wà nítòsí ọgbà. Ẹ ní kí wọ́n bu omi dà sí yín lọ́wọ́.

Nínú yàrá, bútà ló dára jù. Àwọn tó ń fi ṣe àlùwàlá mọ bí omi inú rẹ̀ ṣe máa ń pẹ́ tó. Ẹ pọn omi sí i, kí ẹ gbé e sẹ́nu ọ̀nà, kó má ṣe wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ọṣẹ tí ẹnikẹ́ni ò ní jí

Omi nìkan ò tó. Ọ̀rá ara ni kòkòrò àìfojúrí máa ń lẹ̀ mọ́, ọṣẹ ló ń tú u kí omi tó gbé e lọ. Ọṣẹ odindi kì í pẹ́ pòórá ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, gbogbo wa la mọ̀. Ẹ da ọṣẹ ìfọṣọ lẹ́búlẹ́bú, bíi ṣíbí ìjẹun 2, sínú ìgò omi lítà 1.5, kí ẹ mì í, kí ẹ sì lu ìdérí rẹ̀. Ó ti di ọṣẹ ìfọwọ́ nìyẹn.

Ẹ fi ha ọwọ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 20 ó kéré tán. Àtàǹpàkò, àárín ìka àti abẹ́ èékánná ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò. Ẹ̀yin tí ẹ ń lẹ èékánná gígùn, tiyín tún le díẹ̀: ẹ wá búrọ́ọ̀ṣì kékeré. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ gbẹ, torí ọwọ́ tútù tètè ń gba kòkòrò mọ́ra. Ẹ má fi ẹ̀yìn ṣòkòtò nù ún o.

Fóònù tí ẹ ń tẹ̀ ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ńkọ́? Ẹni tó fọwọ́ tán tó tún gbé e ti padà sídìí ìdọ̀tí. Ẹ fi í sílẹ̀ nínú yàrá.

Sánítáísà

Ẹ wo ara ìgò rẹ̀: ọtí inú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dín ní ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún. Kò wúlò fún ọwọ́ tí ẹrẹ̀ tàbí epo bá wà, àwọn kòkòrò kan tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru kì í sì í kú sí i. Fún ìgbà tí ẹ bá wà nínú kíláàsì tàbí nínú ọkọ̀, ó dára. Bí ẹ bá fi í ra ọwọ́ tán, ẹ jẹ́ kó gbẹ pátápátá kí ẹ tó ṣá ìṣáná sí sítóòfù.