Kí Ẹ Tó Sanwó Yàrá Nínú Ọkọ̀ Afẹ́ Ojú Omi

Southampton, ìlú èbúté tí ọkọ̀ afẹ́ ti ń gbéra ní England, ni mò ń gbé, nítorí náà èmi ni gbogbo ẹbí ń pè bí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ afẹ́ bá délẹ̀. "Àǹtí, yàrá wo ni ká mú?" Ìdáhùn mi kì í yí padà: ẹ ṣí àwòrán ọkọ̀ náà, deck plan, kí ẹ tó wo iye owó. Ibi tí yàrá wà ló máa sọ bóyá ẹ ó rí oorun sùn.

Oríṣi mẹ́rin ló wọ́pọ̀. Inside kò ní fèrèsé rárá, òun ló sì dínwó jù. Oceanview ní fèrèsé tí kì í ṣí. Balcony ní ilẹ̀kùn gíláàsì àti àyè tí èèyàn lè jókòó sí níta. Suite, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tí owó kò ká lára. Pálọ̀ máa ń wà níbẹ̀, àmọ́ èbúté kan náà la jọ ń sọ̀ sí.

Ẹni tí òyì máa ń kọ́, tàbí tí èébì máa ń gbé nínú ọkọ̀, kó mú àárín ọkọ̀ ní dẹ́ẹ̀kì ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá ti jókòó sẹ́yìn mọ́lúè rí mọ bí gegele ṣe ń ju èèyàn sókè níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni iwájú àti ìdí ọkọ̀ ojú omi ń ṣe bí ìgbì bá dé. Láti Southampton lọ sí Spain, ẹ máa la Bay of Biscay kọjá, ìgbì ibẹ̀ sì máa ń le.

Ẹ wá wo ohun tó wà lórí yàrá yín àti lábẹ́ rẹ̀. Yàrá lókè, yàrá nísàlẹ̀, ìyẹn ló dára jù. Bó bá jẹ́ ibi ìlúwẹ̀ẹ́ ló wà lórí yín, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa lẹ ó ti máa gbọ́ gìrìrì: àwọn òṣìṣẹ́ ló ń wọ́ àga kiri. Bó bá jẹ́ gbọ̀ngàn eré ló wà lábẹ́, ìlù á bá yín dé orí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ tún wá àmì kékeré tó so yàrá méjì pọ̀ lórí àwòrán náà. Ilẹ̀kùn ló wà láàárín wọn. Ó dára fún ẹni tó kó ọmọ dání. Bí ẹ kò bá mọ ará ibi kejì, gbogbo híhanrun rẹ̀ lẹ ó gbọ́.

Báńkónì ńkọ́? Ẹ wo ibi tí ẹ ń lọ. Fún Norway, ẹ san án. Bí ọkọ̀ bá ń rọra wọ Geirangerfjord, ọ̀nà omi tóóró tó wà láàárín òkè, òkè á dúró gàgàrà lọ́tùn-ún lósì, omi Seven Sisters á máa dà wálẹ̀ láti orí àpáta, ẹ̀yin á sì wà níta pẹ̀lú tíì gbígbóná lọ́wọ́, ẹ ò bá ẹnikẹ́ni du àyè lókè. Lóṣù kẹfà, ilẹ̀ kì í tètè ṣú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ti Southampton lọ sí Canary Islands nígbà òtútù, afẹ́fẹ́ á lé e wọlé. Èmi á kúkú fi owó yẹn jẹun ní Tenerife.

Èmi fúnra mi, inside ni mò ń mú bó bá jẹ́ ìlú dé ìlú, bíi Barcelona, Marseille àti Civitavecchia tí wọ́n ti ń wọkọ̀ lọ sí Rome. Àárọ̀ ni mò ń jáde, alẹ́ ni mò ń wọlé. Òkùnkùn ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Aago mẹ́jọ àárọ̀ àti aago méjì òru ò yàtọ̀. Mo máa ń pa ohùn tẹlifíṣọ̀n, mo á wá fi í sílẹ̀ sórí ìkànnì tó ń fi iwájú ọkọ̀ hàn. Bí ojúmọ́ bá ti ń mọ́ lórí omi, yàrá náà á máa mọ́ díẹ̀díẹ̀. Ògiri yàrá sábà máa ń jẹ́ irin, nítorí náà ẹ mú ìkọ́ olóòfà dání, ẹ ó ríbi fi jákẹ́ẹ̀tì kọ́.

Oceanview tó bá dínwó ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wọ́n gbé ọkọ̀ ìgbàlà kọ́ síwájú fèrèsé rẹ̀. Obstructed view ni wọ́n á kọ sí i. Èmi ò kà á sí àbùkù, ìmọ́lẹ̀ ṣì ń wọlé.

Ẹni tó ń dá lọ, ẹ ṣọ́ra: èèyàn méjì ni wọ́n fi ń ṣírò owó yàrá, wọ́n sì lè gba ti méjì lọ́wọ́ ẹnì kan. Ẹ béèrè yàrá ẹlẹ́nìkan. Ọkọ̀ Norwegian Epic ní irú rẹ̀ láti 2010, àwọn mìíràn náà sì ti ń ṣe é.

Bí ẹ bá rí guarantee, ẹ ó san owó oríṣi yàrá tí ẹ fẹ́, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ni yóò yan nọ́ńbà yàrá fún yín. Ó máa ń dínwó, àmọ́ ẹ má fi àgbàlagbà sí i. Bí ẹ bá sì ti fúnra yín yan nọ́ńbà, ẹ sọ fún ẹni tó ń bá yín ṣètò pé ẹ ò fẹ́ upgrade ọ̀fẹ́, ìyẹn kí wọ́n gbé yín lọ sí yàrá tó wọ́n jù bẹ́ẹ̀ láìgba owó kún un. Wọ́n lè fi inú dídùn gbé ẹni tí èébì ń gbé kúrò láàárín ọkọ̀ lọ sí báńkónì ní góńgó iwájú, kí wọ́n sì máa retí ọpẹ́.