Bí ẹni tó ṣe ológun Amẹ́ríkà rí ṣe lè béèrè owó àìlera nítorí jẹjẹrẹ láti Ìkòròdú

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìwé kiri, ẹ kọ́kọ́ fi fọ́ọ̀mù 21-0966 ránṣẹ́ sí VA, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó àwọn tó ti ṣe ológun. Ohun tó ń sọ fún wọn kò ju pé ẹ̀ ń bọ̀ wá béèrè owó. Bí ojúlówó ìbéèrè, ìyẹn 21-526EZ, bá dé láàárín ọdún kan, ọjọ́ tí fọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ dé ni wọ́n sábà máa ń ti ka owó yín. Pé ẹ ń gbé Ìgbógbó tàbí Ìjẹdè kò gba ẹ̀tọ́ yìí lọ́wọ́ yín.

Òfin Amẹ́ríkà kan tí wọ́n ń pè ní PACT, tí Joe Biden bu ọwọ́ lù ní ọjọ́ 10, oṣù kẹjọ, ọdún 2022, ti sọ ẹrù wíwá ẹ̀rí di fífúyẹ́. Ẹni tó bá ṣiṣẹ́ ológun ní Ìráàkì, Kuwait tàbí Sòmálíà láti ọjọ́ 2, oṣù kẹjọ, ọdún 1990, tàbí ní Afghanistan tàbí Djibouti láti ọjọ́ 11, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2001, VA ti gbà pé ó fa èéfín kòtò tí wọ́n ti ń sun pàǹtírí símú. Bí jẹjẹrẹ rẹ̀ bá wà lára èyí tí òfin dárúkọ, bíi ti próstéètì, ẹ̀dọ̀fóró, kíndìnrín, ìfun tàbí ọpọlọ, kò dandan kí dókítà kọ̀wé pé iṣẹ́ ogun ló fà á. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, wọ́n fi ti àpò ìtọ̀ àti ti ẹ̀jẹ̀ kún un.

DD214, ìwé tí wọ́n fún yín nígbà tí ẹ kúrò nínú iṣẹ́ ológun, lè má dárúkọ orílẹ̀-èdè tí wọ́n rán yín lọ, nítorí náà ẹ fi ìwé àṣẹ tí iléeṣẹ́ ológun fi rán yín lọ síbẹ̀ tì í.

Ìwé ilé ìwòsàn ló ń dá ọ̀pọ̀ ènìyàn dúró. Èsì PSA, ìyẹn àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún próstéètì, nìkan kò tó, torí PSA lè ga láìsí jẹjẹrẹ. Èsì histology, ìyẹn àyẹ̀wò ẹran ara tí wọ́n gé, ni kí ẹ gbà ní LUTH, LASUTH tàbí ibi tí wọ́n ti ṣe é, pẹ̀lú déètì, òǹtẹ̀ àti ìbuwọ́lùwé dókítà. Orúkọ ibẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ti DD214 mu. Bí káàdì bá ń pè yín ní "Alhaji" tàbí "Bàbá Ṣẹ́gun", ẹ jẹ́ kí ilé ìwòsàn fúnra wọn tún un ṣe. Ẹ má fi bírò yín kàn án. Kí dókítà tún kọ ọ́ bóyá ìtọ́jú ṣì ń lọ, tàbí ọjọ́ tó parí, torí ìwọ̀n àìlera 100%, tí wọ́n fi ń ṣírò owó, ni VA ń fún jẹjẹrẹ tó ṣì ń jà. Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn tí ìtọ́jú bá parí, wọ́n á tún yín yẹ̀ wò, wọ́n á sì wo ohun tó kù lára, bí ìtọ̀ tí kò ṣeé dá dúró.

Òfin kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti gbowó lọ́wọ́ yín torí pé ó bá yín kọ ìbéèrè àkọ́kọ́. Ẹgbẹ́ bíi DAV, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tó ṣe ológun Amẹ́ríkà rí tí wọ́n ní àìlera, ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́.

Tí VA bá ti fọwọ́ sí i, ẹ forúkọ sílẹ̀ fún Foreign Medical Program, tó ń san owó ìtọ́jú àìsàn náà nílẹ̀ òkèèrè. Rìsíìtì gbọ́dọ̀ sọ àìsàn, ọjọ́ àti iye owó ohun kọ̀ọ̀kan, kó sì dé ọ̀dọ̀ wọn láàárín ọdún méjì.

Bí bàbá bá ti kú, kódà tí kò béèrè nǹkan kan rí, ìyàwó rẹ̀ lè fi fọ́ọ̀mù 21P-534EZ, tí wọ́n fi ń béèrè owó tí VA ń san fún ìdílé ẹni tó kú, ránṣẹ́. Tó bá ṣe é láàárín ọdún kan, owó á bẹ̀rẹ̀ láti oṣù tí bàbá kú. Ẹ fara balẹ̀ ka ìwé ẹ̀rí ikú o! "Cardiac arrest", ìyẹn pé ọkàn dáwọ́ iṣẹ́ dúró, ni wọ́n sábà ń kọ síbẹ̀, ìyẹn kò sì sọ ohun tó pa á. Ẹ bẹ dókítà tó tọ́jú rẹ̀ kó kọ jẹjẹrẹ náà sí ìdí ikú kí ẹ tó gbé òkú kúrò ní mọ́ṣúárì.