Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nínú kíkọ gbólóhùn èròǹgbà ilé-iṣẹ́

Ó ti lé ní ọdún méjìlá tí mo ti ń bá àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké ní Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta kọ gbólóhùn èròǹgbà wọn, ìyẹn ọ̀rọ̀ kúkúrú tó ń sọ ohun tí ilé-iṣẹ́ wà fún, èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ń pè ní mission statement. Lọ́dọọdún ni inú túbọ̀ ń bí mi sí owó tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá iṣẹ́ sílẹ̀ ń ná sórí ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ní í lò. Wọ́n á san owó fún olùdámọ̀ràn, wọ́n á fi gbólóhùn náà sínú férémù, wọ́n á gbé e kọ́ sára ògiri, ṣùgbọ́n kí oṣù mẹ́ta tó pé, òṣìṣẹ́ kan kò ní í lè sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀.

Àṣìṣe kìíní ni kíkọ ohun tí gbogbo ayé lè kọ. «A ó ṣe iṣẹ́ tó dára jù lọ fún àwọn oníbàárà wa»: oníbúrẹ́dì lè sọ bẹ́ẹ̀, fọganáísà lè sọ ọ́, báńkì náà lè sọ ọ́. Bí ẹ bá yọ orúkọ yín kúrò, tí ẹ fi ti ẹlòmíràn sí i, tí gbólóhùn náà sì ṣì bá a mu, ẹ kò tíì kọ nǹkan kan. Google ní òun fẹ́ ṣètò ìmọ̀ gbogbo ayé kí ó lè wà ní àrọ́wọ́tó gbogbo ènìyàn, kí ó sì wúlò fún wọn. Oníbúrẹ́dì kò lè yá ìyẹn lò.

Èkejì: ẹ má ṣe kọ iye owó tí ẹ fẹ́ pa sínú rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ó ń dùn mí jù, nítorí pé èmi náà ti ṣe é. Ní ilé-ìwòsàn aládàáni kan, èmi, ẹni tó ni ín àti àwọn olùdarí méjì ti ilẹ̀kùn mọ́rí, a sì fi ọjọ́ kan kọ gbólóhùn tó sọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì pé aláìsàn ni ó ṣáájú ohun gbogbo. A kò bi nọ́ọ̀sì kankan, a kò bi akọ̀wé káàdì. Ní òru ọjọ́ kan, obìnrin kan gbé ọmọ rẹ̀ tí ara rẹ̀ gbóná wá, akọ̀wé sì ní kí ó lọ wá owó káàdì ná, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni òfin wí, nígbà tí gbólóhùn wa wà lókè orí rẹ̀ gan-an. Ibòmíràn ni ọmọ náà ti rí ìtọ́jú, a sì dúpẹ́ pé ó yè. Nígbà tí mo bi akọ̀wé náà léèrè, ó dá mi lóhùn pé: «Sà, ta ló sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ ara ògiri ju òfin káàdì lọ?» N kò rí èsì fún un, nítorí pé òótọ́ ni ó sọ.

Láti ọjọ́ náà, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀. Mo máa ń béèrè lọ́wọ́ wọn pé, nígbà tí ọ̀gá kò sí nítòsí, ọ̀ràn wo ló máa ń rú wọn lójú? Ìdáhùn sí ìbéèrè yẹn ni gbólóhùn èròǹgbà gbọ́dọ̀ fún wọn. Èdè Yorùbá sì ni mo máa ń fi kọ ọ́ ná, nítorí pé ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tó ń dún dáadáa ní Gẹ̀ẹ́sì ló máa ń di òfo bí ẹ bá ní kí ẹ ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyá tó ń gbálẹ̀. A tún ti ilé-ìwòsàn yẹn kọ: «Ẹni tí àìsàn rẹ̀ le ni a ó kọ́kọ́ tọ́jú, kí a tó bèèrè owó.» A yí òfin káàdì padà, a fún akọ̀wé òru ní àṣẹ, ẹni tó ni ilé-ìwòsàn sì ń ya owó sọ́tọ̀ lóṣooṣù fún àwọn tí kò bá lè san.

Owó tí gbólóhùn náà yóò ná yín gan-an ni àwọn ènìyàn kì í fẹ́ ronú sí. Ní ọdún 1943, Robert Wood Johnson kọ ìwé ìlànà kan fún ilé-iṣẹ́ olóògùn tó ń darí ní Amẹ́ríkà, Johnson & Johnson, ó fi àwọn tó ń lo ọjà wọn, àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì ṣáájú, ó sì fi àwọn tó ní ìpín ìdókòwò sí ìkẹyìn. Nígbà tí ẹnì kan tí a kò mọ̀ fi májèlé sáyánáìdì sínú Tylenol, oògùn ara ríro tí ilé-iṣẹ́ náà ń ṣe, ní agbègbè Chicago ní ọdún 1982, tí ènìyàn 7 sì kú, ilé-iṣẹ́ náà kó nǹkan bí ìgò mílíọ̀nù 31 kúrò lọ́jà, ó sì ná wọn ju mílíọ̀nù 100 dọ́là lọ. Enron, ilé-iṣẹ́ ńlá kan tó ń ta gáàsì àti iná mànàmáná ní Amẹ́ríkà, náà kọ ọ̀wọ̀ àti ìwà òtítọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìlànà rẹ̀. Ẹ̀tàn inú ìwé ìṣirò owó ni ó wó o ní oṣù Kejìlá ọdún 2001.

Ẹ má sì kọ ọ́ gùn ju ohun tí ènìyàn lè sọ láìmí lẹ́ẹ̀mejì. Kí ẹ má sì kọ ọ́ kí ẹ pa á tì. Ohun tí Microsoft ń lé ní ìbẹ̀rẹ̀ ni kí kọ̀ǹpútà wà lórí gbogbo tábìlì àti nínú gbogbo ilé. Nígbà tí ọ̀pọ̀ ilé ní ìlú àwọn olówó ti ní i, wọ́n ní láti wá ọ̀rọ̀ mìíràn. Ní ilé-ìwòsàn tí mo sọ yẹn, oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ ọdọọdún ni a máa ń tún gbólóhùn wa yẹ̀ wò, akọ̀wé káàdì ni ó sì máa ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.