Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nípa agbára ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tó fẹ́ gba ẹnu òkun kọjá

“Bàbá, ẹ́ńjìnnì agbára ẹṣin (horsepower) 40 yìí la fi ń sọdá odò Ọya ní Pàtígi, kò já wa kulẹ̀ rí.” Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Ọ̀fà ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi ní ṣọ́ọ̀bù mi n'Ílọrin. Ó fẹ́ gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ pẹja ní etíkun Ìlàjẹ. Mo ní kó jókòó ná.

Ẹ má fi odò díwọ̀n òkun. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú lórí odò Ọya, omi á rọra máa gbé yín lọ síbi tó ń ṣàn sí. Ní ẹnu òkun, níbi tí odò tàbí ọ̀sà ti ń tú sínú òkun, yanrìn máa ń gbá jọ lábẹ́ omi. Bí ìgbì bá dé orí yanrìn yẹn, á ga, á sì ya lulẹ̀. Irú yanrìn bẹ́ẹ̀, tí òyìnbó ń pè ní bar, ni wọ́n fi sọ Bar Beach l'Ékòó lórúkọ.

Níbi tí omi bá jìn tó mítà 3, ìgbì ń sáré tó kìlómítà 19 ní wákàtí kan. Ẹni tó ń wọlé gbọ́dọ̀ jókòó sẹ́yìn ìgbì kan, kó bá a rìn dọ́gba, kó má ré orí rẹ̀ kọjá, kí èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn má sì lé e bá. Bó bá lé e bá, ó lè yí ọkọ̀ ní ìbú kó sì dojú rẹ̀ dé. Nítorí náà, bí ọkọ̀ tó kún kò bá lè sá tó kìlómítà 35 ní wákàtí kan láì lo gbogbo iná ẹ́ńjìnnì, èmi kò ní jẹ́ kí ọmọ mi wọ̀ ọ́ lọ síbẹ̀. Bí omi bá sì ń fà jáde, ẹ dúró dìgbà tí òkun bá ń kún. Omi tó ń fà jáde ló ń mú ìgbì ga, tó sì ń mú un súnra.

Ẹ má dán ọkọ̀ òfìfo wò. Epo lítà 100 nìkan wúwo tó kìlógíráàmù 74; ẹ tún ka yìnyín, àwọ̀n àti èèyàn mọ́ ọn.

Èyí tó máa ń dùn mí jù ni ti abẹ̀bẹ̀ tó ń yí nínú omi. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sórí ẹ́ńjìnnì kọ́ lẹ máa rí gbà bí abẹ̀bẹ̀ kò bá bá ẹrù mu. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì four-stroke (èyí tí a kì í po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀) gbọ́dọ̀ yí tó ìgbà 5,000 sí 6,000 ní ìṣẹ́jú kan bí ẹ bá fún un ní gbogbo iná. Bó bá dúró sí 4,400 nígbà tí ọkọ̀ kún, abẹ̀bẹ̀ ti le jù fún un. Ẹ wá èyí tí pitch rẹ̀ (ìwọ̀n ibi tí yíyí kan yẹ kó ti ọkọ̀ síwájú dé) kéré sí i. Íńṣì kan tí ẹ bá dín lè fi bíi 200 kún yíyí rẹ̀.

Ẹ má sì gbé ẹ́ńjìnnì tó ju agbára tí wọ́n kọ sára ọkọ̀ lọ kọ́ ọ. Ìdí ọkọ̀ á rì, ìgbì á sì máa gba ẹ̀yìn wọlé.

Ọmọ Ọ̀fà yẹn kó àpò yanrìn sínú ọkọ̀ rẹ̀ ní Pàtígi bí mo ṣe sọ. Ó wọn eré rẹ̀ ní àgòkè àti àbọ̀wá, ó pa méjèèjì pọ̀, ó dá a sí méjì: kìlómítà 17. Ó ta ẹ́ńjìnnì 40 náà fún apẹja kan létí odò níbẹ̀.